Ife Ẹ̀yẹ Kọ́ ni Owó Ọ̀yà Ìwà Pẹ̀lẹ́

Ìwàásù kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù tí ó ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà á tí ìjọ kò fi "Àmín" gbè é lẹ́yìn. Ìwàásù náà dá lórí Tony Dungy, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: ọkùnrin yìí bẹ̀rù Ọlọ́run, kì í bú ènìyàn, kì í jágbe mọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n nítorí pé ó dúró ṣinṣin, Ọlọ́run gbé ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ lé e lọ́wọ́. Ìjọ a pàtẹ́wọ́, a ó sì gbé igbá ọrẹ kiri.

Ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni gbólóhùn kékeré tí wọ́n fi so ó pọ̀, èyíinì ni "nítorí pé". Mo gbà pé gbólóhùn kékeré yẹn kò ṣe ọkùnrin náà ní rere, ó sì lè ṣe àwọn ọmọ tí a bá fi kọ́ ní ibi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè láti tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè rí ibi tí okùn rẹ̀ ti já.

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ó rí ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré tàbí tí wọ́n fi ń jù ú. Ènìyàn 11 ni ó máa ń dojú kọ ènìyàn 11 lórí pápá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 yáàdì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá kùnà, ó di ti àwọn alátakò. Ẹni tí ń darí ìkọlù ni wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì, òun sì ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn tí ń kọlù yàtọ̀ sí àwọn tí ń dènà. Bí ọ̀wọ́ kan bá wọ pápá, ọ̀wọ́ kejì a jókòó. N kò ní lọ jìnnà ju báyìí lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ wa tí ó wà ní Houston lè ṣàlàyé ìyókù lórí fóònù.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1955 ni a bí Dungy ní ìlú Jackson, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ilé olùkọ́ ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń la àwọn eré Shakespeare yé àwọn ọmọ. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ara rẹ̀. Ibi ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá òun wà lára àwọn adúláwọ̀ tí a kọ́ ní iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ogun ní Tuskegee, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò gbà pé adúláwọ̀ lè wa ọkọ̀ òfúrufú rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ohùn jẹ́jẹ́ Dungy ti wá, kí ó kọ́kọ́ wo ilé yẹn.

Ní Yunifásítì Minnesota, láti 1973 títí di 1976, kọ́tábáàkì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá jókòó ní 1977 láti yan àwọn ọmọ tí ń jáde ní yunifásítì, ìgbà 12 ni wọ́n yí ká láti yan ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Èrò kan wà nígbà náà tí wọn kì í sábà sọ síta, pé iṣẹ́ tí ó gba làákàyè tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ adúláwọ̀. Pittsburgh Steelers gbà á, wọ́n sì yí ipò rẹ̀ padà. Ẹni tí ó ti ń darí ìkọlù láti ìgbà èwe di ẹni tí ń dúró lẹ́yìn pátápátá láti dènà. Ó gbà, ó sì kọ́ iṣẹ́ tuntun náà.

Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ sábẹ́ Chuck Noll. Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ọkùnrin yìí ni ó yẹ kí àwọn oníwàásù wa máa dárúkọ. Noll máa ń sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe láyé, pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ ayé wọn gan-an. Bí olùkọ́ ni ó ṣe ń kọ́ wọn, kì í ṣe bí ajagun: ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kí ó wà, ibi tí ojú yẹ kí ó máa wò. Nínú ìdíje kan ní 1977 tí wọ́n bá Houston gbá, àwọn kọ́tábáàkì Pittsburgh farapa, ni wọ́n bá sáré dá Dungy padà sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́. Nínú ìdíje kan ṣoṣo yẹn, ó já bọ́ọ̀lù tí àwọn alátakò jù gbà, àwọn náà sì já èyí tí ó jù gbà. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ó já gbà, kò sì sí ẹni tí ó já tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1979, Pittsburgh fi àmì 35 sí 31 borí Dallas nínú Super Bowl, ìdíje àṣekágbá gbogbo líìgì náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tà á fún San Francisco. New York Giants gbà á ní 1980, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Sáà mẹ́ta péré ni ó gbá. Ní ẹni ọdún 24, iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí yunifásítì rẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ní 1981, Noll pè é padà. Ní 1984, ó fi í ṣe olórí àwọn tí ń kọ́ ọ̀wọ́ adènà. Ẹni ọdún 28 ni nígbà náà. Ó wá lọ sí Kansas City ní 1989, níbi tí Christian Okoye, ọmọ Ìgbò tí ó ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ figagbága nínú eré àwo jíjù, ti gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà ju gbogbo ènìyàn líìgì lọ lọ́dún náà. Láti 1992, ó wà ní Minnesota Vikings lábẹ́ Dennis Green. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún 15 tí ó fi jẹ́ ọmọ abẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn nínú líìgì náà. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọjá níwájú ilé rẹ̀. Adúláwọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù náà, síbẹ̀ ó di 1989, nígbà tí wọ́n fi Art Shell ṣe olórí ní Los Angeles Raiders, kí adúláwọ̀ kan tó tún darí ẹgbẹ́ kan láti ayé Fritz Pollard ní nǹkan bí ọdún 1921.

Ní 1996 ni Tampa Bay Buccaneers pè é. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni àwọn oníwàásù ti máa ń sáré kọjá.

Ẹgbẹ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni Tampa. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976, ìdíje 26 ni wọ́n pàdánù tẹ̀léra kí wọ́n tó borí ẹnikẹ́ni. Láti 1983 títí di 1995, ọdún 13 gbáko, kò sí sáà kan tí ìborí wọn pọ̀ ju ìpàdánù wọn lọ. Dungy dé, ó sì pe àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ. Ó sọ fún wọn pé ohùn tí òun fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ yẹn ni ohùn tí wọn yóò máa gbọ́ nígbà tí inú bá ń bí òun, àti pé bí inú bá bí òun gan-an, ńṣe ni ohùn náà yóò tún relẹ̀ sí i. Ẹ fojú inú wo àwọn géńdé tí ó lè gbé ẹṣin, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n borí. Bí ó bá jẹ́ ibòmíràn ni, ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ ni wọn ì bá ti máa wá. Kò yí ohùn padà, kò sì yí ẹ̀kọ́ padà. Nínú ìdíje méje tí ó kù, wọ́n borí márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ náà kò le. Ó kó o bọ̀ láti Pittsburgh ni, òun àti Monte Kiffin, olórí àwọn adènà rẹ̀, sì tún un ṣe. Àwọn mẹ́rin tí ó wà níwájú ni yóò máa lé kọ́tábáàkì alátakò, láìrán ẹlòmíràn kún wọn. Àwọn méjì tí ó wà lẹ́yìn pátápátá yóò pín ẹ̀yìn pápá sí méjì láàárín ara wọn. Ẹni àárín yóò sì sáré sẹ́yìn láti dí àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjì náà. Títí di òní, "Tampa 2" ni wọ́n ń pè é. Kò wá àwọn òmìrán fún un. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí etí wọn sì gbọ́ràn, ni ó wá. Derrick Brooks, Warren Sapp, John Lynch àti Ronde Barber ni òpó tí ó gbé e ró. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a mọ nǹkan díẹ̀, kí a sì mọ̀ ọ́n débi pé ẹsẹ̀ yóò ti gbéra kí ọpọlọ tó bi í léèrè.

Ní 1997, wọ́n borí 10 nínú ìdíje 16, wọ́n sì wọ ìdíje àwọn aṣíwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1982. Ní ìparí sáà 1999, ó ku ìdíje kan kí wọ́n dé Super Bowl. Wọ́n lọ sí St. Louis, níbi tí àwọn akọluni tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró lọ́dún náà wà. Tampa dá wọn dúró: àmì 11 péré ni St. Louis rí. Ṣùgbọ́n àmì 6 ni Tampa rí. Ní ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e, Philadelphia ni ó lé wọn jáde lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àmì 3 ni Tampa rí ní ti àkọ́kọ́, àmì 9 ní ti èkejì.

Mo ka àwọn àmì wọ̀nyí sílẹ̀ kí a lè ṣe òdodo. Àwọn tí ó lé Dungy ní oṣù Kìíní ọdún 2002 ní ẹ̀sùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó kọ́ ilé tí olè kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tó nínú rẹ̀. Ìdílé Glazer ni ó ni ẹgbẹ́ náà, àwọn kan náà tí wọ́n wá ra Manchester United ní 2005. Bí àwọn olólùfẹ́ Manchester tí ń ka ìwé yìí bá sì mí kanlẹ̀ níhìn-ín, ó yé mi. Láti rí Jon Gruden gbà lọ́wọ́ Oakland Raiders, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ tuntun mẹ́rin sílẹ̀, méjì ní ìpele kìíní, méjì ní ìpele kejì, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 8 dọ́là lé e. Ohùn Gruden máa ń dé òdìkejì pápá. Ó mọ ìkọlù, ó sì mọ bí a ti ń jágbe. Ọdún kan kò tíì pé dáadáa tí òun àti àwọn ọmọ tí Dungy tọ́ fi gba Super Bowl, wọ́n fi àmì 48 sí 21 borí Oakland kan náà.

Kí ni oníwàásù yóò wá fi èyí ṣe? Bí ife bá jẹ́ owó ọ̀yà ìwà pẹ̀lẹ́, a jẹ́ pé ife ti 2003 ni owó ọ̀yà ariwo. Òbí tí ó gbà pé pàṣán nìkan ni ọmọ gbọ́ lè dìde nínú ìjọ, kí ó tọ́ka sí Gruden, kí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ kò burú ju ti oníwàásù lọ. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọn òṣùwọ̀n: wọ́n wo ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà wá àlàyé rẹ̀ nínú ìwà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Indianapolis Colts fi pe Dungy. Òdìkejì Tampa ni ó bá níbẹ̀: Peyton Manning wà tí ń darí ìkọlù, oúnjẹ pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò sí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2003, ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 48, ó kó wọn padà lọ sí Tampa. Nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ìdíje parí, Tampa ní àmì 35, Colts ní 14. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa tẹlifíṣọ̀n lọ sùn. Colts fi 38 sí 35 borí ní àfikún àkókò. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, n kò sì ní fi kọ́ni ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni New England di ògiri níwájú rẹ̀. Wọ́n lé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2004, wọ́n tún lé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2005. Ní sáà 2005, Colts borí ìdíje 13 tẹ̀léra láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní ọdún yìí ni ọdún wọn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 18, kú ní Florida. Àwọn aláṣẹ sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Dungy fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún Jim Caldwell, ó sì lọ sin ọmọ rẹ̀. Ó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú náà, ó sì rọ àwọn òbí pé kí wọ́n máa dì mọ́ àwọn ọmọ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Pittsburgh, ilé rẹ̀ àtijọ́, fi 21 sí 18 lé e jáde nínú ìdíje, Pittsburgh náà sì ni ó gba ife lọ́dún yẹn.

Èmi kò mọ bí oníwàásù ṣe ń gba ibí yìí kọjá láìkọsẹ̀. Bí ife bá jẹ́ ìtùnú tí Ọlọ́run fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀fọ̀ náà tutù lára rẹ̀. Kí ni ó dé tí ó fi di ọdún kejì? Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa àkókò nìyẹn, ó sì kéré. Èyí tí ó tóbi ni pé, oníṣòwò wo ni ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì ń fi ife fàdákà san án padà? Ọmọ kì í ṣe àwo tí ó fọ́ tí a fi òmíràn rọ́pò. Ìtàn Jóòbù gan-an, tí a fẹ́ràn láti máa ka orí tí ó kẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn aṣọ̀fọ̀, kò sọ fún wa pé Jóòbù gbàgbé àwọn mẹ́wàá tí ilé wó lù. Wọ́n bí òmíràn fún un. Wọn kò jí àwọn tí ó kú.

Mo sì ń rántí ẹni tí ó jókòó nínú ìjọ nígbà tí ìwàásù yìí ń lọ lọ́wọ́. Kò sí ìjọ tí mo ti sìn rí tí ìyá tàbí bàbá tí ó ti sin ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Òmíràn sin ọmọ tí ó kú bí ti Dungy yìí, tí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí àdúgbò mọ ohun tí ó pa á, nítorí ohun tí àwọn ará yóò sọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò rí ife kankan gbà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni ó gbọ́ nígbà tí a wí pé nítorí pé ọkùnrin yìí dúró ṣinṣin ni a ṣe fi ife fún un? Ó gbọ́ pé òun kò dúró tó. A fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún ẹrù ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, a sì ní kí ó wí pé "Àmín".

Ife náà dé ní tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, Jacksonville gbé bọ́ọ̀lù sáré kọjá lára àwọn adènà Colts ní yáàdì 375 nínú ìdíje kan ṣoṣo, gbogbo ènìyàn sì ń bi léèrè bóyá ọ̀gá adènà ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2007, New England tún fi àmì 21 sí 3 ṣáájú rẹ̀; Colts lé wọn bá, wọ́n sì fi 38 sí 34 borí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ní Miami, wọ́n pàdé Chicago Bears nínú òjò tí kò dá. Ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré ni ìdíje ti lò nígbà tí Devin Hester ti gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 92 fún Chicago. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orúkọ wa, Adewale Ogunleye wà lára àwọn tí ń lé Manning káàkiri fún Chicago lálẹ́ ọjọ́ náà. Colts borí, 29 sí 17. Dungy di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Super Bowl, ó sì di ẹnì kẹta tí ó gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, lẹ́yìn Tom Flores àti Mike Ditka.

Lórí pápá náà, ó sọ pé inú òun dùn láti jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pé ohun tí ó jẹ òun lógún jù ni pé òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá Chicago jẹ́ Kristẹni tí ó fi hàn pé ènìyàn lè borí ní ọ̀nà Olúwa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ó ní ènìyàn lè borí. Kò wí pé ènìyàn yóò borí. Ẹni tí wọ́n ti lé ní Tampa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwa tí a ń ròyìn rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí wá ni èrè iṣẹ́ ọkùnrin yìí, n kò ní nawọ́ sí àpótí ife. N óò ní kí ó ka orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Herm Edwards, Lovie Smith, Rod Marinelli, Jim Caldwell, Leslie Frazier: gbogbo wọn ni ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Mike Tomlin, tí ó gbà síṣẹ́ ní Tampa ní 2001, gba Super Bowl pẹ̀lú Pittsburgh ní oṣù Kejì ọdún 2009. Nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń fi sísùn sí ọ́fíìsì yangàn, Dungy máa ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sílé lọ jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Lílé tí wọ́n lé òun àti Dennis Green ní ọdún kan náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn agbẹjọ́rò gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, tí líìgì fi ṣe òfin kan ní 2003 pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu, ó kéré tán, láti inú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti ń fò dá. N kò sọ pé òfin náà ti tó; ilẹ̀kùn tí a ṣí lójú ènìyàn kò sọ pé wọn yóò ní kí ó jókòó.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 53, lẹ́yìn sáà tí ó ti borí 12. Nínú sáà 13 tí ó fi jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, 11 ni ó fi wọ ìdíje àwọn aṣíwájú. Ìborí 139 àti ìpàdánù 69 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí a tó ka ti àwọn aṣíwájú. Ní ọdún 2009 kan náà, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Leavenworth ní Kansas láti bá Michael Vick sọ̀rọ̀, kọ́tábáàkì tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ìjà ajá, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a rí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á sí gbọ̀ngàn àwọn ẹni-iyì bọ́ọ̀lù náà ní Canton ní 2016, Donnie Shell tí wọ́n jọ ń dènà ní Pittsburgh sì ni ó fà á kalẹ̀ fún àwùjọ.

Ẹnì kan ṣì kù nínú ìtàn náà tí ìwàásù wa kì í dárúkọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Chicago lálẹ́ ọjọ́ òjò yẹn ni Lovie Smith. Dungy ni ó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ nínú líìgì náà, ní Tampa ní 1996. Adúláwọ̀ ni òun náà, Kristẹni ni, kì í sì í pariwo. Ní Miami, nígbà tí ìdíje parí, àwọn méjèèjì dì mọ́ ara wọn láàárín pápá. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2012, Chicago lé Smith kúrò lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn sáà tí ó ti borí 10 nínú ìdíje 16. Mo ṣì ń dúró de oníwàásù tí yóò gun orí àga ìwàásù lọ sọ ìtàn Lovie Smith, tí yóò sì sọ ọ́ tán láìwá ife kankan kún un.